Logon script kò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́? Ẹ má tíì fọ́mátì ẹ̀ o

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì pọ̀ ní Abẹ́òkúta yìí ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ wọ ọ́fíìsì akáǹtì ilé ìwé kan ní Ìbarà, ẹ wọ ilé ìtẹ̀wé ní Ìtòkú, ẹ wọ ilé ìwòsàn aládàáni ní Ọbántókò, ẹ máa bá Windows XP níbẹ̀, ẹ máa bá Windows 7, ìgbà míì gan-an ẹ máa bá Windows 98 tó ṣì ń tẹ rìsíìtì, torí pé software tí wọ́n fi ń ṣe owó oṣù ò gbà lórí tuntun, ẹni tó ṣe software ọ̀hún ò sì sí nítòsí mọ́. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ tuntun, owó ni ò tíì sí.

Irú ibẹ̀ yẹn gan-an ni logon script ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Logon script ni fáìlì kékeré tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tí èèyàn bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù wọlé, òun ló ń gbé dúráìfù S: àti H: (fódà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wá, òun ló ń so pírińtà pọ̀, nígbà míì òun ló ń tún aago ṣe. Lọ́jọ́ tó bá kọṣẹ́, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà á ṣí My Computer, kò ní rí S: mọ́, àyà ẹ̀ á já, á rò pé gbogbo iṣẹ́ òun ti lọ.

Ìbẹ̀rù yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n pe ẹni àkọ́kọ́ tó bá ti ní òun mọ kọ̀ǹpútà, ẹni yẹn á dé, á ní Windows ti kú, á ti CD bọ̀ ọ́, á fọ́mátì. Ó máa ń dùn mí gan-an ni. Script yẹn kì í gbé inú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín, inú sáfà (kọ̀ǹpútà àgbà tó ń pín fáìlì fún àwọn yòókù) ló ń gbé, fáìlì tó wà lórí S: náà inú sáfà ló wà, kò sí ohun tó ṣe é. Tí ẹ bá fọ́mátì tán, ohun tó ń fa error á ṣì wà níbẹ̀, àwọn nǹkan tí wọ́n tọ́jú sí My Documents nìkan ló máa lọ. Torí náà bí mo ṣe máa ń ṣe é gan-an ni mo ṣe tò ó síbí, láti ìta wá sínú, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní script bàjẹ́, script ò bàjẹ́ rárá, aago ni, tàbí DNS (ohun tó ń sọ ibi tí sáfà wà), tàbí kó jẹ́ pé ẹni yẹn ò tiẹ̀ wọlé sí domain (àwọn kọ̀ǹpútà àti àkáǹtì ọ́fíìsì tí sáfà ń darí).

Nínú àpẹẹrẹ tí mo máa fún yín, orúkọ sáfà ni SAFA1, orúkọ script ni wole.bat. Ẹ fi tiyín rọ́pò ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó kọ síbẹ̀

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún yín ni pé, "Ínjíníà, ó kàn yọ dúdú báyìí, ó sì lọ, mi ò ráyè kà á." Ẹ dá wọn lóhùn pé, "Kò burú Mà, ẹ jẹ́ ká dá a dúró ná." Bí ẹ ṣe máa dá a dúró nìyí: ẹ lọ sórí sáfà, ẹ wá ibi tí script wà. Tó bá jẹ́ Windows 2000 Server sókè, ó wà nínú fódà Windows (WINNT ló ń jẹ́ lórí 2000), SYSVOL, sysvol, orúkọ domain yín, scripts. Tó bá jẹ́ NT 4.0, ẹ wo WINNT\System32\Repl\Import\Scripts. Èyí tó bá wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, NETLOGON ni kọ̀ǹpútà yòókù mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ ṣe kópì script yẹn, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó o. Nínú kópì, níbi tí wọ́n kọ @echo off sí lókè, ẹ fi rem síwájú ẹ̀, ẹ wá kọ pause sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹ padà sórí kọ̀ǹpútà tó ń yọnu, Start, Run, ẹ tẹ:

\\SAFA1\NETLOGON

Tó bá ṣí, ẹ tẹ kópì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìlà tó bá ń ṣe máa hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì dúró dè yín. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, torí nọ́ńbà tó bá gbé jáde lẹ máa fi ṣiṣẹ́.

Nọ́ńbà yẹn kì í parọ́. System error 53 túmọ̀ sí pé kò rí sáfà rárá, yálà wáyà ti yọ, tàbí DNS ò mọ orúkọ ẹ̀, tàbí wọ́n ṣi orúkọ kọ. 67, ó rí sáfà ṣùgbọ́n kò sí fódà tó ń jẹ́ orúkọ tí ẹ pè. 5, ó rí fódà, wọn ò gbà á láyè láti wọlé. 1326, orúkọ tàbí páásíwọ́ọ̀dù ni ò tọ̀nà. 85, lẹ́tà dúráìfù yẹn ti wà lọ́wọ́ nǹkan míì. 1219, ẹ ti fi orúkọ kan wọ sáfà yẹn tẹ́lẹ̀, script tún fẹ́ fi orúkọ míì wọ ọ́, Windows ò gbà á. 1314, script ní kí aago yípadà, ẹni tó wọlé ò sì ní àṣẹ láti yí aago padà. Tí ẹ bá rí òmíràn tí ẹ ò mọ̀, lórí NT, 2000, XP àti 7 ẹ ṣí cmd (Start, Run, ẹ tẹ cmd), ẹ tẹ net helpmsg kí ẹ fi nọ́ńbà yẹn tẹ̀lé e, ó máa sọ ìtumọ̀ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ .vbs (VBScript, irú script míì) ni script yín, nọ́ńbà gígùn bíi 80070035 lẹ máa rí, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Nọ́ńbà kan náà ni, hex (ìṣirò oní-mẹ́rìndínlógún) ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ mú mẹ́rin tó kẹ́yìn, ẹ ṣí Calculator, ẹ gbé e sí Scientific (Programmer lórí Windows 7), ẹ tẹ Hex, ẹ kọ 35 síbẹ̀, ẹ wá tẹ Dec, 53 ló máa gbé jáde. 80070055 jẹ́ 85, 800704C3 sì jẹ́ 1219. Ẹni tó bá mọ èyí nìkan ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Tí script bá ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń wọlé, ẹ fi script sílẹ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí lẹ máa wò.

Ṣé ẹni yẹn tiẹ̀ wọlé sí domain?

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń fò nìyí. Lórí XP tàbí 7, ẹ ṣí cmd, ẹ tẹ:

echo %LOGONSERVER%

Tó bá gbé orúkọ kọ̀ǹpútà yẹn fúnra ẹ̀ jáde, àkáǹtì inú kọ̀ǹpútà yẹn ni ẹni yẹn fi wọlé, kò dé ọ̀dọ̀ sáfà rárá, script kankan ò lè ṣiṣẹ́ fún un. Ẹ ní kó jáde, kó wo ibi tí wọ́n kọ "Log on to" sí, kó yan orúkọ domain (lórí Windows 7, kó kọ orúkọ domain àti \ síwájú orúkọ tiẹ̀).

Tí kò bá tiẹ̀ sí domain níbẹ̀ láti yàn, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí My Computer, ẹ wo Properties. Tó bá jẹ́ XP Home, tàbí Windows 7 Starter, Home Basic tàbí Home Premium ló kọ síbẹ̀, kò lè wọ domain láé, kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Èyí pọ̀ gan-an lórí tòkunbọ̀, torí ẹni tó rà á wá ò béèrè irú Windows tó wà lórí ẹ̀, ó kàn wo RAM àti hard disk. Kí ẹ tó ra tòkunbọ̀ fún ọ́fíìsì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan án, kí ẹ rí Professional pẹ̀lú ojú yín.

Windows 98 tún yàtọ̀. Òun máa ń gbà kí èèyàn tẹ Esc níbi páásíwọ́ọ̀dù kó sì wọlé ní tiẹ̀, ẹni tó bá wọlé báyẹn ò ní rí S:. Ẹ lọ sí Control Panel, Network, kí Primary Network Logon jẹ́ Client for Microsoft Networks, ẹ tẹ Properties ẹ̀, ẹ máàkì Log on to Windows NT domain, ẹ kọ orúkọ domain síbẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé Windows 98 àti NT ò mọ Group Policy (ètò tí sáfà fi ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà inú domain), tí ẹnì kan bá ti gbé script láti ibi Profile ẹni lọ sínú Group Policy torí pé ó ti di ọ̀làjú, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ò ní gbọ́. Ẹ dá orúkọ script padà sínú Profile ẹni yẹn lórí sáfà, orúkọ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ, wole.bat, ẹ má kọ C:\ tàbí \\SAFA1 síwájú ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ lórí XP. Ó máa ń rántí àwọn mẹ́wàá tó wọlé kẹ́yìn, tí kò bá rí sáfà, á fi èyí tó rántí gbà wọ́n wọlé. Dẹ́sítọ́ọ̀pù á yọ, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó péye, script nìkan ni ò ní ṣiṣẹ́ torí sáfà tó ní script ò sí níbẹ̀. Tí S: bá ń wà lónìí tí kò sí lọ́la, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ fura sí nìyẹn.

Aago

Mo fẹ́ ká pẹ́ níbí díẹ̀, torí ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ ni ìlú wa, kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì ni ọ̀rọ̀ wa.

Láti Windows 2000, domain máa ń fi Kerberos dá èèyàn mọ̀, Kerberos ò sì gbà kí aago kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ti sáfà ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Nínú kọ̀ǹpútà, bátìrì kékeré kan wà tó rí rọ́bọ́tọ́ bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n ń pè é, 3 volt. Òun ló ń gbé aago dúró tí iná ò bá sí. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, aago á padà sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ máa rí CMOS checksum error tí wọ́n bá tan án, wọ́n á ní kí ẹ tẹ F1, gbogbo èèyàn á tẹ F1 á sì kọjá lọ, bí kọ̀ǹpútà ṣe máa wọnú ọdún 2002 nìyẹn tí script ò sì ní rìn. Ìgbà míì Windows á sọ fún yín gbangba pé aago yàtọ̀ sí ti sáfà, ìgbà míì kò ní sọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ máa wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ ẹ̀: kí ẹ tó tú u, ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ wọ BIOS (ojú ètò tó ń wá kí Windows tó dé, Del tàbí F2 lọ́pọ̀ ìgbà), ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SATA sí (ètò hard disk), ẹ fi fóònù ya á, bóyá IDE ni tàbí AHCI. Ẹ má fo èyí. Ẹ wá pa á, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri àti lára UPS, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan án fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí iná tó kù nínú ẹ̀ tán. Ẹ fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ rọra ti irin kékeré ẹ̀gbẹ́ bátìrì, á fò sókè fúnra ẹ̀, ẹ má fi sikurú dráífà wú u bí ẹni wú èkùrọ́, mọ́dábọ́ọ̀dù lẹ máa họ. Ẹ fi tuntun síi, kí ojú tó ní àmì + kọ sókè. Ẹ tan án, ẹ wọ BIOS, ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe, ẹ wo SATA yẹn kó rí bó ṣe wà nínú fọ́tò. Tí BIOS bá ti dá a padà sí AHCI tí XP sì ti wà lórí IDE tẹ́lẹ̀, ojú búlúù ló máa gbé jáde, 0x0000007B, ẹ máa rò pé hard disk ti kú, kò kú, ẹ dá a padà sí IDE.

Ohun kejì nípa aago tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni time zone. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́mátì sábà máa ń wà lórí aago Amẹ́ríkà, Pacific Time, ẹni tó fọ́mátì ẹ̀ á wo aago, á ní kò tọ̀nà, á yí ọwọ́ aago, á fi time zone sílẹ̀. Lójú, aago ti bá ti ògiri mu. Ṣùgbọ́n UTC (aago àgbáyé) ni Kerberos ń kà, ní tiẹ̀ kọ̀ǹpútà yẹn fi wákàtí 8 tàbí 9 yàtọ̀ sí sáfà. Ẹ tẹ aago lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wọ Time Zone, ẹ yan West Central Africa, GMT+01:00, kí ẹ tó wá tún aago ṣe.

Tí aago bá ti sún mọ́ra, XP tó wà lórí domain máa ń bá sáfà ṣe aago fúnra ẹ̀. Torí náà, ìlà net time inú script ò wúlò fún XP, error 1314 ló ń bí, ẹ yọ ọ́. Windows 98 ló nílò ẹ̀.

Wáyà, IP àti DNS

Ẹ wo iná kékeré lẹ́yìn kọ̀ǹpútà níbi tí kébù wọ̀, tí kò bá tàn, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan Windows ẹ fi kébù míì dán an wò, eku máa ń gé e lábẹ́ tábìlì, eruku pupa wa yìí náà sì máa ń dí ojú ihò ẹ̀.

Ẹ ṣí cmd, ẹ tẹ ipconfig /all (lórí Windows 98, Start, Run, winipcfg). Tí IP (àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà yẹn ò rí ẹni tó máa fún un ní IP, ẹ wo sáfà tàbí rúútà tó ń ṣe DHCP àti súwíìṣì.

Tí IP bá dáa, ẹ wo ìlà DNS Servers dáadáa. Níbí ni mo ti máa ń bá ọ̀rọ̀ jù. Ẹnì kan á wá, á ní íntánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀, á lọ fi 8.8.8.8 (DNS Google) síbẹ̀. Browser á sì yára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 8.8.8.8 ò mọ domain inú ọ́fíìsì yín, kò lè mọ̀ ọ́n, òun ni XP sì ń bi léèrè ibi tí sáfà wà. DNS kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jẹ́ IP sáfà yín nìkan, ẹ má fi 8.8.8.8 sí ibi kejì pàápàá, torí ọjọ́ tí sáfà bá falẹ̀ díẹ̀ á sáré lọ bá ìkejì, S: á tún lọ. Tí ẹ bá fẹ́ 8.8.8.8, orí sáfà ni kí ẹ fi sí, níbi Forwarders nínú DNS. Ẹ ṣe ipconfig /flushdns, kí ẹ fi èyí wò ó bóyá ó ti rí sáfà:

nslookup -type=srv _ldap._tcp.dc._msdcs.domainyin.local

Tó bá gbé orúkọ sáfà yín jáde, ó ti parí.

Inú script fúnra ẹ̀

Tí gbogbo òkè yìí bá dáa, ẹ wá ṣí script nísinsìnyí. Notepad ni kí ẹ lò.

Tí error bá kọ nǹkan bíi ∩╗┐@echo is not recognized, ẹnì kan ló fi UTF-8 (irú ìkọsílẹ̀ lẹ́tà kan) tọ́jú ẹ̀. Ẹ ṣe Save As, ẹ yan ANSI. Èyí kan àwa Yorùbá gan-an, torí tí ẹ bá fi ANSI tọ́jú ẹ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà ò ní wà, ṣ àti ọ á di àmì ìbéèrè. Tí ẹ bá sọ fódà lórí sáfà ní Owó Oṣù, pẹ̀lú àmì, script ò ní rí i. Ẹ sọ ọ́ ní OWO, ká tó pè é tán, kọ̀ǹpútà ti rí i. Windows 98 ò tiẹ̀ rí share (fódà tí sáfà ń pín) tí orúkọ ẹ̀ bá ju lẹ́tà 12 lọ.

Ẹ wo àmì àyọlò náà. Script tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí tí wọ́n kọ nínú Word máa ń ní àmì “ ” tó tẹ̀ kọ́rọ́, cmd ò mọ ìyẹn, " gbọọrọ ló mọ̀. Ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ Linux ni wọ́n ti kọ script, pàápàá tí sáfà yín bá jẹ́ Samba (software tó ń pín fáìlì lórí Linux), ẹ fi unix2dos yí i padà, torí bí Linux ṣe ń parí ìlà yàtọ̀ sí ti DOS.

Ẹ tún wo orúkọ fáìlì. wole.bat.txt kì í ṣe wole.bat, Windows ló fi .txt pamọ́. Ẹ má sì sọ script yín ní net.bat láéláé, torí tó bá dé ìlà net use, ara ẹ̀ ló máa pè, á máa pe ara ẹ̀ lọ títí.

Windows 98 àti XP ò gbọ́ èdè kan náà tán. Orí 98, command.com ló ń ka script, kò mọ fáìlì .cmd, kò mọ for /f, kò mọ if /i, kò mọ 2>, net use ẹ̀ ò mọ /persistent, kò sì ní %USERNAME%. Ẹ rí i pé tí wọ́n bá ń kọ script fún XP nìkan, 98 máa kọ Bad command or file name tàbí Syntax error. Bí èmi ṣe máa ń kọ ọ́ kí àwọn méjèèjì lè lò ó nìyí:

@echo off
if "%OS%"=="Windows_NT" goto tuntun
net time \\SAFA1 /set /yes
net use S: \\SAFA1\OWO /yes
goto opin
:tuntun
net use S: /delete /yes >nul 2>&1
net use S: \\SAFA1\OWO /persistent:no
:opin

%OS% ló ń ya ọ̀nà, NT, 2000, XP àti 7 ló ń ní Windows_NT, 98 ò ní nǹkan kan níbẹ̀. Tí 98 bá sọ Out of environment space, ẹ ṣí C:\CONFIG.SYS, ẹ fi ìlà yìí síi, kí ẹ tún un tàn:

SHELL=C:\COMMAND.COM C:\ /E:2048 /P

Tó bá jẹ́ .vbs ni, Windows 95 àti NT 4.0 ò ní Windows Script Host (ohun tó ń ka .vbs) láti ilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi síi. Tó bá wà níbẹ̀ tó sì ní wọ́n ti pa á, ẹ ṣí regedit, ẹ wo Enabled nínú HKLM\Software\Microsoft\Windows Script Host\Settings, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.

Lẹ́tà dúráìfù

Error 85. Flash drive àti ibi tí wọ́n ń ki mẹ́mórì káàdì bọ̀ máa ń gba E:, F:, G:, H:, tí script bá dé tó fẹ́ H:, kò sí àyè. XP tún ní tiẹ̀, tí dúráìfù nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà lórí F:, flash tí ẹ bá ki bọ̀ ọ́ lè lọ jókòó sórí F: kan náà, ẹ ò sì ní rí i rárá, ẹni tó ni flash á ní vírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́. Ẹ lo lẹ́tà tó jìnnà, láti P: lọ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á tán.

Error 1219, ẹ tẹ net use nìkan nínú cmd, á to gbogbo ìsopọ̀ tó wà jáde. Èyí tó bá lo orúkọ míì lórí sáfà kan náà, ẹ fi net use /delete yọ ọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ti máàkì Reconnect at logon fún ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn.

Script tó ń ṣiṣẹ́ lónìí tó ń kọ̀ lọ́la

XP kì í dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù jáde, script inú Group Policy ló sì máa ń fìyà ẹ̀ jẹ jù. Ẹ ṣí gpedit.msc, Computer Configuration, Administrative Templates, System, Logon, ẹ fi Always wait for the network at computer startup and logon sí Enabled. Wíwọlé á pẹ́ díẹ̀ síi, ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n má rò pé ẹ bà á jẹ́. Tí súwíìṣì yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣètò, Spanning Tree (àyẹ̀wò tí súwíìṣì ń ṣe kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má yí ara ẹ̀ po) lè gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó ṣílẹ̀kùn fún kọ̀ǹpútà, ẹ tan PortFast, tó ń fo ìdúró yẹn, sórí ojú ihò àwọn kọ̀ǹpútà.

Lórí Windows 7, tó bá jẹ́ pé àwọn tó jẹ́ admin nìkan ni ò rí S:, UAC (ètò ààbò Windows tó ń béèrè àṣẹ) ló pín wọn sí méjì. Ẹ fi EnableLinkedConnections, DWORD, 1, sínú HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies\System, kí ẹ tún un tàn.

Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sáfà tuntun

Tí gbogbo XP bá kọ̀ lọ́jọ́ kan náà tí sáfà tuntun dé, ẹ má wá wàhálà lọ síbòmíràn. SMB1 (èdè àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì) nìkan ni XP mọ̀, Vista ló bẹ̀rẹ̀ SMB2. Windows Server 2019 ò gbé SMB1 wá mọ́ fúnra ẹ̀, Samba 4.11 náà ti pa á. Wọ́n á ní kí ẹ tan SMB1 padà lórí sáfà, ó sì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ihò inú SMB1 ni vírọ́ọ̀sì WannaCry gbà wọlé ní May 2017, owó oṣù àwọn èèyàn ló wà lórí sáfà yẹn. Àtìlẹ́yìn tí Microsoft ń ṣe fún XP sì ti parí láti 8 April 2014.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa wá kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀, màá fi Linux àti Samba síi, màá kọ server min protocol = NT1 sí smb.conf ẹ̀, àwọn XP nìkan ló máa rí i, kò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn XP náà ò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì. Màá yọ XP kúrò lórí domain, màá fi script kékeré sínú fódà Startup ẹ̀ kó máa gbé S: wá láti orí Samba yẹn. Fáìlì tó wà níbẹ̀, kí ẹnì kan máa kó o lọ sórí sáfà ńlá ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ máa sùn dáadáa.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀

Ẹ má fi àkáǹtì admin dán an wò, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ fún admin kì í ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù. Ẹ ní kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà jókòó, kó tẹ páásíwọ́ọ̀dù ara ẹ̀, kó ṣí fáìlì kan lórí S:, kó kọ nǹkan síi, kó tọ́jú ẹ̀. Ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ẹ yọ wáyà iná, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún tan án, kí ẹ wo aago bóyá ó ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ wá padà sí NETLOGON, ẹ yọ kópì tí ẹ fi dán an wò kúrò. Tí pause yẹn bá ṣèèṣì wọnú ojúlówó script tó wà nínú Group Policy, kì í hàn lójú, kò sí ẹni tó máa rí i tẹ bọ́tìnnì fún un, Windows sì lè dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 600 kó tó jẹ́ kí èèyàn wọlé.